Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù

Ilé Bàbá Ọmọlará,
Airport Road,
Benin City.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Keje, 2014.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín Ṣọlápé ló kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Benin. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣé oòrùn sì ti ń yọ ní Leicester? Èmi ò ṣàìsàn, mo ń jẹun, àmọ́ oorun ò kún ojú mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Èdè wa ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í.

Mo mọ̀ pé Bàbá Ọmọlará, àbúrò yín, yóò ti pè yín lórí fóònù. Ohun tó bá ní mo ṣe, mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo jẹ̀bi nǹkan kan tí òun ò ní sọ fún yín.

Ẹ rántí pé níléèwé tí wọ́n gbé mi sí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, eré ìdárayá ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. "Àǹtí Kọ́pà" làwọn ọmọ ń pè mí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Èyímofẹ́, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹja gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Oliha. Bàbá mi, láti kékeré ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù obìnrin ní England, n kò tíì rí irú ẹsẹ̀ yẹn rí. Ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti mọ ẹni tó fẹ́ gbé e fún.

Ní oṣù Kárùn-ún, Kóòṣì Àbúdù, tó ń kó ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún jọ ládùúgbò wa, ní òun fẹ́ yan ẹni méjìdínlógún tí yóò lọ gbá ìdíje kan níwájú àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ni Bàbá Ọmọlará bá pè mí sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ìwé ìbúra kan jáde tó gbà ní kóòtù. Ọmọlará tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tó kù ni ìwé iléèwé, kí olùkọ́ eré fọwọ́ sí i pé SS 1 ló wà. "Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù nìyẹn," ó ní. "Ta ni ò ní in? Ọdún mẹ́ta ni àbúrò rẹ ti ń jókòó sílé látìgbà tó ti parí ìwé mẹ́wàá, yunifásítì ò gbà á. Àbí ìwà ajẹ́bọ́tà lo fẹ́ gbé wá bá wa níbí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ó ń wù mí kí wọ́n máa kà mí mọ́ ọmọ ilé. Nígbà tí mo fọwọ́ sí i tán, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní "Ṣọlápé wa!" Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn ni ojú mi là. Pápá ẹ̀yìn iléèwé la ti gbá a, tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò kọjá lórí wa. Ẹni mọ́kàndínlógún ló kù, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa yọ kúrò. Èyímofẹ́ gbé bọ́ọ̀lù kọjá Ọmọlará lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọmọlará fi èjìká gbá a, ọmọ náà fò bí ewé. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ẹ rọra! Ẹ má pa ọmọ yín!" Ẹlòmíràn kígbe pé, "Mama, your pikin dey cry for house o!" Kóòṣì pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ka orúkọ, ti Èyímofẹ́ ò sí níbẹ̀. Mo lọ bá Kóòṣì. Ó ní, "Kọ́pà, ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ ta ló fẹ́ dúró de ọmọdé kó dàgbà? Tí n ò bá borí lọ́dún yìí, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé síbi tí mo dúró sí."

Ọmọlará gan-an ò yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀ tó wú. "Àǹtí Ṣọlápé," ó ní, "ìgbà tí wọ́n bá máa fi pè mí sí ẹgbẹ́ àgbà, ìwé á ní mo jẹ́ mẹ́tàlélógún, orúnkún á ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín in.

Lẹ́yìn náà ni France na wa ní góòlù méjì sí òdo ní Brazil. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn, pálọ̀ kún fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ní rẹfirí ni. Òmíràn ní ìjọba ni. Ìyá kan ní a ò gbàdúrà tó. Bàbá Ọmọlará gbé ọwọ́ lé orí. "Kí ló ń ṣe wá gan-an? Ìlú wo ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó wa? Àwọn ọmọdé wa ń gba ife lágbàáyé, tí wọ́n bá dàgbà, a ò rí wọn mọ́. Àwọn obìnrin wa ń na gbogbo Áfíríkà, tí wọ́n bá dé ti àgbáyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ." Mo rò pé á wo ojú mi. Kò wò ó. Bàbá mi, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ìwé yẹn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìdíje pé mo fa ọwọ́ tí mo fi sí ìwé Ọmọlará padà, pé irọ́ ni mo pa. Ọmọlará ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní, "Ẹ ti ṣe é tán kí ẹ tó sọ fún mi," ó kọjú sí ògiri. Bàbá rẹ̀ ní, "Inú ilé mi lo ń sùn, o wá ta ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, kò dáhùn.

Mo rò pé àyè Ọmọlará á kan Èyímofẹ́. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Àmọ́ wọ́n yọ Ọmọlará lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tó di Tọ́sìdeè, Kóòṣì ti mú òmíràn wá láti Ekiadolor. Ìwé rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti ń lọ jẹ́léósinmi. Olùkọ́ iléèwé mìíràn ló fọwọ́ sí tirẹ̀.

Lánàá, Èyímofẹ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Ó mú ìwé iléèwé kan dání, òfìfo, ó tẹ́ ẹ síwájú mi dáadáa. "Àǹtí Kọ́pà, Kóòṣì ní ìwé mi ti dàgbà jù. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá tòótọ́ ò wúlò fún òun, pé kí n lọ wá ìwé ọdún mọ́kànlá wá, pé tí ìwé bá fi máa ní mo pé mẹ́rìndínlógún, màá ti pé mọ́kàndínlógún, òun á sì mú mi. Màámi ti fẹ́ lọ sí kóòtù. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé JSS 1 ni mo wà."

Mo ní, "Rárá, Èyímofẹ́. Mi ò lè ṣe é."

Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ń bi mí ní ọ̀nà. "Ẹ ṣáà ṣe é fún Ọmọlará."

Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ. Mi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e lọ. Ẹ bá mi ronú sí i, Bàbá mi, ẹ má sì tìtorí tèmi bá àbúrò yín jà. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà fún.

Kí Olódùmarè dá yín sí fún wa, kó fi àlàáfíà kún ọjọ́ yín, kó má jẹ̀ẹ́ kí ojú ti ẹ̀yin tàbí àwa ọmọ yín.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Ṣọlápé.

Àfikún: Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bàtà bọ́ọ̀lù kan ránṣẹ́ fún Èyímofẹ́. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń wọ̀. Ẹ ra márùn-ún, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà.