Onírùngbọ̀n Kọ́ Ló Kọ́ Ẹ Ní Àdírẹ́sì

Adúmáadán, ọmọ bàbá rẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ìwé kíkà ò tíì mú kí orí máa fọ́ ẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n ju lẹ́tà onílé kan sílé ẹlòmíràn fún gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo lò ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ìdáhùn tìrẹ náà ṣìnà. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ. Orúnkún ń dùn ún, àmọ́ kò tíì dùn ún débi tí kò fi ní sáré bí fóònù rẹ̀ bá dún. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ràn ìwé ju koríko lọ, mo ní bóyá ìwọ ló fi jọ.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé ni ọ̀rọ̀ Onírùngbọ̀n. Nígbà tí o wálé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, orí àga mi lẹ́bàá fèrèsé ni o jókòó sí, o gbé fóònù ti ife omi, ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn á sì yọjú, á máa kọ́ ẹ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i sókè, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní kò lè gbọ́ mi, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń wò mí lójú nínú pálọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, tí kò lè mi orí lásán! Ìwọ náà wá ń pè é ní ọ̀gá mi. Èmi tí mo di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o ń kọ A àkọ́kọ́, Bàbá lásán ni mo jẹ́. Mo ń jowú, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

O rántí ọ̀rọ̀ ìdánwò méjèèjì? O ní ọ̀kan jẹ́ ti gbogbogbòò, tó ń kọ́ni ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ, èkejì sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ náà, pé ìyẹn le jù. Mo sọ fún ẹ ní ọjọ́ Ajé pé kí o kọ́kọ́ mú ti gbogbogbòò, torí pé ẹni tuntun níbi iṣẹ́ wa, tábìlì gbogbo ìlú ló fi ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní àdúgbò kan. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí ọmọdé bá bu yẹ̀pẹ̀ fúnni pé oúnjẹ ni. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Onírùngbọ̀n sọ ohun kan náà, ṣe ni o fò dìde, o lu itan, o ní kí n wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ sọ. Ohun tí mo ti sọ láti ọjọ́ Ajé! Ó tún ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí náà á kú. Tèmi láti ilé iṣẹ́ ti pé ọdún méjìlélógójì lára ògiri, àfi igun kan tí eku jẹ. Bí o bá gba tìrẹ, gbé e síbi tó tutù, tí oòrùn ò dé, bóyá á pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ló wá dùn mí jù. O ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn kan, pé apá kan jẹ́ àdúgbò, apá kan jẹ́ ilé, àti pé o kì í mọ ibi tí àdúgbò parí sí. Mo ṣàlàyé fún ẹ pé pákó oníhò la fi ń ṣe é. Ihò kan, àdúgbò kan. Má wo nọ́ńbà ilé rárá. Wá ibi tí àdúgbò parí sí, ju lẹ́tà sínú ihò rẹ̀, ẹni tó ń gbé e lọ sí àdúgbò yẹn ni kó máa wá ilé kiri. O ní kì í ṣe lẹ́tà, pé kọ̀ǹpútà ni. Mo dìde, mo lọ jókòó ti ewúrẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ tí o ń sọ fún ìyá rẹ pé o dán ìbéèrè wò, nínú mẹ́wàá tó jẹ́ ti àdírẹ́sì, mẹ́ta péré ni o gbà, pé oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò gan-an, bí o bá sì kùnà, àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ò ní gbé ẹ kúrò nídìí fóònù tí o ti ń dá àwọn oníbàárà oníbìínú lóhùn lọ sí yàrá ẹ̀rọ. O ní kó má sọ fún mi. Kò sọ fún mi o. Sípíkà fóònù rẹ̀ ló wà ní títàn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Ni mo bá dé fìlà iṣẹ́ mi, mo lọ bá onígbàjámọ̀, torí pé fóònù tirẹ̀ fẹ̀. Ó wá Onírùngbọ̀n jáde, ó kọ́kọ́ yin irùngbọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀, mo sì ní kó bá mi kọ̀wé sí abẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì ilé wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lápá ọ̀tún lókè. Ó ní kò pọn dandan. Mo bi í pé báwo ni èsì á ṣe mọ̀nà? Ó kọ ọ́. Ó ní wọn kì í lẹ sítáǹpù, ìyẹn ò tíì dá mi lójú. Mo sọ fún Onírùngbọ̀n pé èmi ni bàbá ọmọ tó ń kọ́, pé mo ti dárí kíkí tí kò dáhùn jì í, pé bó ṣe ń kọ́ àdírẹ́sì kò yé ọmọ mi, kó fi pákó oníhò kọ́ ọ. Mo wá to ọ̀rọ̀ pákó náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní ọjọ́ kẹrin, onígbàjámọ̀ sáré dé ilé wa pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ti fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí. Èsì ti dé! Onírùngbọ̀n ní òun ti ń kọ́ni fún ọdún mọ́kànlá, pé òun ò gbọ́ ọ báyìí rí, pé pákó oníhò mi lòun máa fi kọ́ gbogbo wọn nínú ẹ̀kọ́ tuntun ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Igba èèyàn ó lé mẹ́fà ló tẹ àtàǹpàkò sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Àánú wọn ṣe mí, mi ò mọ̀ pé àwọn tí kò lè kọ orúkọ ara wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì yín. Òun fúnra rẹ̀ fi ọkàn pupa kan sí i. Má sọ ìyẹn fún ìyá rẹ.

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn fún nǹkan bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni owú padà dé. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: á sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, á yé ẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, o máa lu itan, o máa ní ọ̀gá mi! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Ìdí nìyí tí mo fi sáré kọ lẹ́tà yìí, kó lè ṣáájú ẹnu rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀, á dé ọwọ́ rẹ ní Ọjọ́rú. Bí kò bá dé, a jẹ́ pé wọ́n ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀.

Mo ya pákó náà sínú ìwé kejì, mo sì to àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí o gbàgbé sórí tábìlì wa sínú ihò wọn. Jókòó tì í ní Ọjọ́rú yẹn, kí Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Bí ó bá yé ẹ, pè mí. Bí kò bá yé ẹ, ṣáà pè mí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra dátà sí fóònù onígbàjámọ̀, torí mo fẹ́ wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kí n rí i bóyá á dárúkọ mi. Dígí ìkàwé mi náà ti fọ́ lápá kan. Àárọ̀ ni kí o fi í ránṣẹ́ o, ìyá rẹ máa ń pa fóònù rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò fẹ́ kí owó sùn síta.

Ọlọ́run á là ẹ́ lóye. Ní ọjọ́ ìdánwò, gbogbo lẹ́tà á bọ́ sínú ihò rẹ̀, wọ́n á gbé ẹ wọ yàrá ẹ̀rọ, ojú ò ní tì ẹ́ láéláé. Bí wọ́n bá sì bi ẹ́ níbẹ̀ pé ta ni olùkọ́ rẹ, orúkọ mi ni kí o kọ. Bí àyè bá ṣẹ́kù, kọ ti Onírùngbọ̀n sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kọ ọ́ kékeré.

Èmi ni bàbá rẹ.