Ẹni Tí Wọn Kò Pè

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kìíní, 1974
Ọjọ́ kìíní mi ní ilé ìwé tuntun, Yábàá. Ní kíláàsì Látìn, olùkọ́ a máa pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dáhùn pé adsum. Wọ́n pe èèyàn mọ́kànlélógún. Wọn kò pè mí. Ìwé tó yẹ kí ilé ìwé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ránṣẹ́ kò tíì dé. Mo jókòó lẹ́yìn bí ẹrù tí ẹlẹ́rù kò tíì wá gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé, olùkọ́ náà, kì í wojú ẹnikẹ́ni bó bá ń pe orúkọ. Kò-Gbójú-Sókè ni mo sọ ọ́. Orúkọ kẹtàlá: Mabel Ọláìtán. Wọ́n ní Mabel ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀n láti Kérésìmesì. Wọ́n ṣì ń pè é. Èmi tí mo wà ńbẹ̀ —

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Mo wá adsum nínú ìwé atúmọ̀ ní láíbìrì. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: ad, lọ́dọ̀, sum, mo wà. Mo wà lọ́dọ̀ yín. Adsum, ades, adest. Adsumus, adestis, adsunt. Ti àtẹ̀yìnwá: adfui. Àwọn ará Róòmù a tún máa lò ó fún ẹni tó bá dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kóòtù. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe èèyàn.

Ọjọ́ Ajé, 21
Mo jẹ́. Lẹ́yìn orúkọ ìkẹyìn, mo ní adsum. Ẹ̀rín sọ. Kíkẹ́ tó ń jókòó níwájú mi bojú wẹ̀yìn: "Ará òkè, ta ló pè ẹ́? Wọn ò sọ fún ẹ nílé pé ẹni tí wọn ò pè kì í jẹ́?"
Wọ́n sọ fún mi. Ìyá àgbà ní ẹni tó bá jẹ́ ìpè tí kò dá a lójú lè jẹ́ ti iwin.
Kò-Gbójú-Sókè ní ẹni tí kò sí nínú rẹ́jísítà kò sí ní kíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Mo tún jẹ́.

Ọjọ́rú, 23
Mo tún jẹ́. Ẹ̀rín wọn ò pọ̀ tó tàná.

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ ni wọn ó fi orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe Látìn nínú ìdánwò àṣekágbá ránṣẹ́. Inú rẹ́jísítà ni wọn ó ti dà á kọ. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì. Gbádé akọ̀wé tú fáìlì títí. Kò sí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àbúrò, wọ́n ṣì ń pe Mabel, àbí? Jẹ́ Mabel. Ọ̀gá yẹn ò ní wò ẹ́. Tí ìwé ẹ bá dé, a máa tún un ṣe." Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó bu ẹ̀pà fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 27
Mo sọ fún Àǹtí Ethel, nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Jẹ́ ẹ, jàre. Èkó nìyí. Ṣé orúkọ ló máa jókòó ṣèdánwò ni?"
Mo ní, "Àǹtí, orúkọ ta ni wọ́n máa wá kọ sínú sátífíkéètì?"
Wọ́n ní ẹnu mi ti ń gbó. Mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 31
Ìwé kò dé. N kò ní jẹ́ Mabel.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kejì
"Mabel Ọláìtán."
Mo dìde. Mo ní, "Abest, Sà. Kò sí níbí. Èmi ni mo wà. Adsum."
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́ — títí di ìsinsìnyí kò yé mi — ní, láì bojú wẹ̀yìn, "Òótọ́ ni, Sà. Ojoojúmọ́ ló ń wá."
Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kéré lẹ́yìn gíláàsì, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju bí mo ti rò lọ.
"Kí lorúkọ ẹ?"
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò bi mí rí. Mo ní, "Adéfúnmiláyọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé, Sà."
Ó fi yíǹkì pupa fa ìlà gba orí Mabel. Ó fi pẹ́ńsù kọ tèmi sókè rẹ̀. "Títí ìwé ẹ fi máa dé."
Pẹ́ńsù ṣeé parẹ́, mo mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ kó wá. Ìṣojú mi ni yóò ti ṣe é.