Ìka Ìyá Mi Lọ́fun Ìyàwó Mi

Ẹnu ìyá mi gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní ilé ìdáná wa ní Adankolo, kò lè wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi. Èmi ni mo máa ń gba àwọn ẹlòmíì nímọ̀ràn, àmọ́ èyí ti kọjá agbára mi...

Ọ̀fun ló ń dun ìyàwó mi. Bẹ́lubẹ́lu la pè é. Mo wà níbi iṣẹ́ ní Obajana nígbà tí ìyá mi tú kápúsù, pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ó po ẹ̀tù inú rẹ̀ mọ́ òrí, ó ki ìka bọ ọ̀fun ìyàwó mi, ó tẹ ibi tó wú. Bí wọ́n ṣe tẹ tòun náà nìyẹn ní Ìjùmú nígbà èwe rẹ̀, ó sì yè é. Ó ní oògùn tó ń wo egbò ẹsẹ̀, kí ló dé tí kò ní wo ti ọ̀fun? Ẹ̀yin ará, ṣé ìkà nìyẹn?

Ìgbà tí mo fi dé, ẹnu ìyàwó mi ò ṣeé là mọ́, itọ́ ń dà, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. A gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà ní eéwo ni, ọyún ti kún ún, kòkòrò inú rẹ̀ ju irú kan lọ, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní antibiotic oríṣi méjì pọ̀. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa ọyún náà, síbẹ̀ ibà ò lọ, ọrùn rẹ̀ tún ti ń wú. Dókítà ń bi mí, kí lẹ lò fún un nílé? Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀? Ó ní ìdáhùn yẹn ló máa jẹ́ kóun mọ ibi tí ọyún lè gbà lọ, àti oògùn tó yẹ kóun pààrọ̀ sí. Mo ní rárá o. Rárá! Irú ẹnu wo nìyẹn?

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti Kábà wá, ó pe ìyá mi ní àjẹ́ lójú gbogbo àdúgbò. Òun náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, gbogbo ibi tí dókítà bá pè mí sí ló ń tẹ̀ lé mi dé. Ní ilé ìdáná ọjọ́ yẹn, kí a tó gbé e lọ, ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi... ìyá tó bí mi o... ó ní, "Ọkọ mi, tí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo wá parí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀."

Èyí tó ń pa mí jù ni pé nígbà tí dókítà bi ìyàwó mi fúnra rẹ̀, òun tí ò lè sọ̀rọ̀, ó mirí. Rárá. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ẹni tó ń kú lọ ló ń bo ìyá mi!

Mo jókòó síta, mo kọjú sí Òkè Patti, mi ò rí nǹkan kan. Dókítà ní òun ń padà bọ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, tó o ní ìyá, tó o tún ní aya, tó bá jẹ́ ìwọ ni, ẹnu wo lo máa fi dá a lóhùn?