Orógùn Ìyá Mi Lára Ẹ̀rọ Kọfí

Bàbá Dárasími,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Adabraka. Láàárọ̀ yìí, mo wá orógùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi tì, àfi bí mo ṣe rí i lára ẹ̀rọ kọfí yín. Ẹ ti gé e ṣe èèkù tí a ń fà kí kọfí tó jáde, ẹ tún fi òrùka idẹ dè é. Ẹ ṣebí igi ìdáná lásán ni!

Ó kù díẹ̀ kí n fà á tu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dì í mú, àtàǹpàkò mi bọ́ sójú ibi tí tìyá mi ti jẹ igi náà wọnú, nígbà tí wọ́n ń ro bánkú fún wa. Mo jókòó, mo sunkún.

Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ má sì fi sáńdípépà kàn án mọ́. Kẹ́ńkẹ́ tí ẹ máa jẹ wà nínú ìkòkò.

Bí mo bá dé, ẹ da kọfí sínú ẹ̀rọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan èèkù yẹn. Èmi ni màá fà á.

Àkànkẹ́ yín