Irin Kò Gbọdọ̀ Kan Adú

Ọjọ́ Ajé, 4/3/74
Ìwé kóòtù dé. Fátóyè ará Ìfọ́n pè wá lẹ́jọ́ ààlà oko. Adú — ọkọ mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — máa búra pé bàbá òun ló gbin pèrègún ààlà síbi tó wà. Irọ́ ni. Nígbà tó ti Gáná dé ló hú u, tó sún un wọ oko Fátóyè ní ẹsẹ̀ méjìlá. Èmi ni mo pọn omi tó fi rin ín.

Ọjọ́bọ̀, 7/3
Mo ní ṣé ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà á ni. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan Kùránì, irin lòun máa fi búra bí àwọn ẹlẹ́sìn Ògún. Ògún ò mọ òun rí, kí ló máa fi òun ṣe? Ó wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹnu kan irin — ọ̀bẹ ìdáná mi ló mú, alùbọ́sà ṣì wà lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi olóyún oṣù mẹ́jọ!

Àbámẹ́ta, 9/3
Ẹ̀rín tán. Wúràọlá, ìyàwó akọ̀wé kóòtù, wá gba búbà tí mo rán. Mo dọ́gbọ́n bi í. Ó ní ẹni tó bá búra èké, òfin lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Irin o, Kùránì o, Bíbélì o, ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Ọdún mẹ́rìnlá! Ọmọ inú mi á ti ga jù mí lọ.

Àìkú, 10/3
Mo sọ fún Adú. Ó ní ìyàwó akọ̀wé kì í ṣe akọ̀wé.

Ìṣẹ́gun, 12/3
Kò jẹun.

Ọjọ́rú, 13/3
Inú mi dùn. Fátóyè ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọdẹ paraku, tí gbogbo Ìfọ́n mọ̀ pé Ògún ló ń bọ — ó ní Kùránì lòun fẹ́ fi búra! Adú dìde láàárín èrò.

"Bàbá Fátóyè, ṣé ẹ̀yin náà sún pèrègún ni?"

Adájọ́ wá ka òfin fáwọn méjèèjì: ọdún mẹ́rìnlá, ohun yòówù kí wọ́n gbé lọ́wọ́. Fátóyè rọra gbé Kùránì kalẹ̀. Wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Àṣé nígbà tí Adú wà ní Gáná, Fátóyè ti sún un wọ oko wa ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ méjì péré ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí.

Àbámẹ́ta, 16/3
Wọ́n ti gbin pèrègún padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo ní n kò lọ. Fátóyè àti Adú ló jọ lọ pọnmi lódò, tí wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà. Èmi jókòó, mo ń jẹ iṣu sísun. Omi tí mo kọ́kọ́ pọn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ló kù díẹ̀ kó mú hù.