Àwọn Àna Tó Ń Gba Owó Orí Lọ́wọ́ Bàbá Ìyàwó

Ìrókò,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúwabùkọ́lá ọmọ mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bí ara ṣe le sí, kí n sì gbàdúrà kí Èkó má gbé ọ mì, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ lọ́rùn mi tí kò ní jẹ́ kí àdúrà náà gòkè, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣé o rántí ayàwòrán tó wá sílé wa láti Mọ́kọ́lá lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí o wà ní ilé ìwé girama? Mo sọ fún ọ pé ó ní ojú rẹ kò bá kámẹ́rà mu. Irọ́ ni mo pa. Ọkùnrin náà fẹ́ fi àwòrán rẹ sórí kàlẹ́ńdà àwọn aláṣọ, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó mú pásítọ̀ wa wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì gbé owó iṣẹ́ rẹ kalẹ̀ lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Èmi ni mo lé e jáde, nítorí mo fẹ́ kí o di nọ́ọ̀sì, mo sì rò pé ọmọ tó bá ti mọ̀ pé òun lẹ́wà kò ní kàwé mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ lánàá. Láti ìgbà náà, ọbẹ̀ tí ó ń gbé fún mi kò ní ẹran.

Nígbà tí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ wá dé orí fóònù mi pé iléeṣẹ́ àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ti yàn ọ́, pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n pè ọ́, àti pé ó di dandan kí o san owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó àwòrán kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọkàn mi bàjẹ́, nítorí mo mọ ẹni tó fi ebi ọ̀rọ̀ yẹn pa ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ọmọ ẹni, a kì í ṣàì ṣe ìwádìí ilé wọn. O ní wọ́n ní ẹ̀ka ní Ajíbódé. Mo wọ agbádá mi, mo mú Mùjíbátù ìyàwó ilé wa tí ń ta ẹ̀gúsí dání, nítorí ẹnì kan kì í dá ṣe ìwádìí, a sì gun ọ̀kadà lọ.

Yàrá kan ni, lórí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marvellous ló wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé mọ̀lẹ́bí ìyàwó ni wá. Mo béèrè ọmọ ilé ta ni ọ̀gá rẹ̀, ìlú wo ni wọ́n ti wá, àti bóyá wèrè tàbí wárápá wà nínú ìran wọn. Ó ní ọ̀gá òun wà lókè òkun. Mùjíbátù ní ta ló wá dúró fún un nílé. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń tẹ̀lé àwọn lórí Ínsítágíráàmù. Mo ní kó dárúkọ ẹyọ kan péré nínú wọn tó mọ bàbá rẹ̀, kí á lọ bi í. Mo wá béèrè ìdí tí àna fi ń gba owó orí lọ́wọ́ bàbá ìyàwó. Ó wò mí títí, ó ní ojú bàbá yìí ṣọ̀wọ́n o, ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ni.

Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́: inú mi dùn. Ó tan iná kan tó rí róbótó bí òṣùká. Mo rò pé èyí tí àgbàlagbà fi ń yáná ni, mo dúpẹ́, mo na ọwọ́ sí i. Ó ní kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà, pé èmi ni wọn yóò fi polówó oògùn orúnkún, kìkì kí n san owó pọtifólíò. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́ a ní mínísítà tí kò ní pọtifólíò, wọ́n sì ń gba owó oṣù wọn pé. Mùjíbátù ní kí n tún gbé imú sókè díẹ̀ sí i, Bàbá Tíṣà, pé mo jọ ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbọ́ ìró ìbọn. Ni Marvellous bá yíjú sí òun náà, tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ó ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Mùjíbátù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo yìí mà pọ̀ o, àwa mẹ́ta ti jẹ́ ẹ láti agbo ilé kan ṣoṣo.

Ojú mi là díẹ̀. Marvellous ní kí n sanwó sínú àkáǹtì kó tó di aago mẹ́rin, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lórí àkáǹtì náà. Mo ní ó di ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Ó ní bí aago mẹ́rin bá kọjá, àǹfààní ti lọ. Àna wo ló ń sọ fún ilé ìyàwó pé aago mẹ́rin ni ìfẹ́ òun yóò tán? A dìde. Ó fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, Mùjíbátù sì bi í bóyá ó ti rí obìnrin tó bọ́ bàtà jà rí. Ó yà fún wa.

Ó ti gba nọ́ńbà mi kí a tó dìde, ó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láràárọ̀. Mo ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, mo ń kí i, mo ń fi sáàmù kan tì í, mo sì ń béèrè ìlú bàbá rẹ̀. Láti àná, ọ̀rọ̀ mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé owó fóònù rẹ̀ ló tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nítorí náà, má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ojú rẹ, òun ni yóò sanwó. Ìpín ẹni tó bá ń bá ọ wáṣẹ́, inú owó iṣẹ́ tí o bá ṣe ni yóò ti yọ ọ́, bí alágbàtà ti ń gba tirẹ̀ lẹ́yìn tí iṣu bá tà. Bí o bá ti san díẹ̀, lọ sí bánkì rẹ lówùúrọ̀, lọ sọ fún ọlọ́pàá, má sì fi òmíràn lé e torí pé wọ́n ní àwọn yóò dá ti àkọ́kọ́ padà. Má jẹ́ kí ìtìjú dá ọ dúró. Èmi tí mo gbé imú sókè ni kí ojú tì.

Bí owó náà bá wá ń dà ọ́ láàmú, nítorí mo ti rí i pé bánkì ń bu owó jẹ bí kòkòrò ti ń jẹ àgbàdo nínú àká, fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi páànù bo ilé ìdáná kí òjò tó dé. Olúwa yóò mú ọ pàdé olóòótọ́. Ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún ọ kò ní béèrè owó kọ́kọ́rọ́.

Ó ku ohun kan tó jẹ́ tìrẹ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí o ti gbé àpò lọ sí Èkó láìgba àṣẹ mi, mo búra pé mi ò ní pe oríkì rẹ mọ́ títí o ó fi di nọ́ọ̀sì. Orúkọ inú rẹ́jísítà ni mo ń pè ọ́, bí ọmọ kíláàsì. Láàárọ̀ yìí mo dá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń pè é wò lábẹ́ ahọ́n. Gbà á padà.

Àjíkẹ́. Àjíkẹ́ mi, o lẹ́wà.

Bàbá rẹ,
Josiah