Wọ́n So Kẹ̀kẹ́ Ẹrù Wa Mọ́ Ti Zeb

Ojúlé 1719, Òpópónà Dumaine,
New Orleans, Louisiana.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 1919.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Lucien,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Chicago kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bù wọ́n jẹ? Ṣé iṣẹ́ ilé ìpẹran ń lọ déédéé? Ara wa le níbí, àfi orúnkún Màmá tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Sítáḿpù méjì lo lẹ̀ mọ́ ọn níbi tí ẹyọ kan ti tó. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

O ní àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ń bi ọ́ léèrè ohun tí jáàsì jẹ́, o kò sì mọ èyí tí wàá sọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Àwa tí à ń ṣe é gan-an kò pè é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Orin ijó lásán ni. Sọ fún wọn pé rágítáìmù ni èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹṣin tó mọ̀nà ilé. Búlúùsì ni èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, tí oníkálukú ń fi tirẹ̀ kún un láìgba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu, jáàsì nìyẹn. Fèrè kọ̀nẹ́ẹ̀tì ló ń sọ orin náà, fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì ń dárà lórí rẹ̀, tírọ́ńbóònù, fèrè ọlọ́pàá gígùn, ń kùn lábẹ́ rẹ̀, onílù àti èmi pẹ̀lú béèsì mi tó ga jù mí lọ ni à ń mú ẹsẹ̀ orin dúró. Ó tán.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. O mọ̀ pé Ovide, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa tó ń fun kọ̀nẹ́ẹ̀tì, ló ni ijó alẹ́ ọjọ́ Ajé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn Ọ̀rẹ́ Tòótọ́. Lóṣù tó kọjá, Zeb Tillman kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá láti òkè ìlú, ó ń ṣe ijó tirẹ̀ lálẹ́ kan náà, ní òdìkejì títì. Bí ọkùnrin yẹn bá fun kọ̀nẹ́ẹ̀tì, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo èrò ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Alága gbọ̀ngàn wá kìlọ̀ fún Ovide pé bí ibẹ̀ bá tún ṣófo lọ́jọ́ Ajé yìí, Zeb ni òun máa gbé alẹ́ náà fún. Lucien, ibẹ̀ ni Ovide ti ń fun fèrè láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Níbo ló fẹ́ lọ?

Ìdí nìyí tí a fi háyà kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti fi orin polówó ijó wa káàkiri. Mo ní èyí tí ẹṣin kan ń fà ti tó fún wa, torí owó. Bí a ṣe dé ìkòríta Claiborne, ta la pàdé? Zeb, nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì! Ká tó yí padà, àwọn èrò ti yọ ṣéènì, wọ́n ti so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wa mọ́ tirẹ̀. O ṣáà mọ òfin: kò sẹ́ni tó ń lọ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó borí.

"Bàbá Ovide," Zeb kígbe, "ṣé kí n bá yín pe dókítà ni?"

"Pè é kó máa dúró dè ẹ́," Ovide dá a lóhùn.

Zeb fun máàṣì ológun kan, etí mi di. A fi rágítáìmù dá a padà, kíákíá. Hercule onítírọ́ńbóònù jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí fèrè rẹ̀ lè ráyè nà. Ó fẹ́ ṣe fáàrí fáwọn obìnrin, ló bá fa ọ̀pá fèrè náà ní àfàjù. Ọ̀pá já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò sínú kẹ̀kẹ́ Zeb. Onítírọ́ńbóònù wọn gbé e sókè: "Ẹ̀yin ará, wọ́n ti ń kó ohun ìjà wọn sílẹ̀ o!" Ẹ̀rín pa gbogbo ìkòríta.

Ovide kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ẹnu kọ̀nẹ́ẹ̀tì. "Búlúùsì," ló wí. "Ẹ rọra, bí ẹni tọ́mọ ń sùn nílé ẹ̀."

"Bàbá, wọn ò ní gbọ́ wa o!" ni mo wí.

"Wọ́n á sún mọ́ wa."

A bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń fọwọ́ kan okùn béèsì ni. Àwọn tó wà níwájú ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n dákẹ́. Zeb tún gbé tirẹ̀ sẹ́nu, ó tú u jáde, àfi Madame Clothilde tó ń ta àgbàdo sísun tó yíjú sí i: "Ìwọ ọmọ yìí, pa nǹkan yẹn lẹ́nu mọ́, à ń gbọ́ orin!" Obìnrin kan di ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n ń jó. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ó dà bí ẹni pé ìkòríta náà ń mí. Ẹni tó ń fun kilarinẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ Zeb pàápàá kò lè mú un mọ́ra, ó ń bá wa fun ún. Zeb wò ó, ó wò wá, ó gbé kọ̀nẹ́ẹ̀tì sórí itan. "Ó dáa, ó dáa. Ẹ tú ṣéènì."

Wọ́n dá ọ̀pá Hercule padà. Ó ti tẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí ẹgbẹ́ san owó àtúnṣe. Mo ní ẹgbẹ́ kọ́ ló jù ú.

Lánàá, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, a kò tíì jẹ ẹ̀wà pupa wa tán tí èrò ti kún gbọ̀ngàn. Láàárín búlúùsì, Ovide na ọwọ́, gbogbo wa dúró. Kò sóhun èlò kankan tó ń dún mọ́. Bàtà àwọn oníjó nìkan ló ń ha pákó ilẹ̀, ṣììn, ṣììn, wọn kò sì ṣi ẹsẹ̀ orin náà gbé rárá. Alága sáré wọlé látẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ti dákẹ́! Kí ni mo wá ń sanwó fún?"

Ovide di ojú. "Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ná, sà."

Alága tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló ní títí dé àjíǹde ọdún tó ń bọ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ti di ti Ovide.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Màmá ní kí o wọ aṣọ tó nípọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Onésime Broussolle.